Ilé Lídà Kún, Janet Ń Wá Ọkọ Rẹ̀

Ọjọ́ tí Ọ̀ṣẹ́nì ti ẹ̀wọ̀n dé sí Lọ́kọ́jà, ní ọdún 1955, èrò tó lọ pàdé rẹ̀ létí odò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Janet ìyàwó rẹ̀ kò fi rí nǹkan kan lára rẹ̀ ju ọwọ́ ọ̀tún tó ń jù sókè láàárín àwọn fìlà. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé e láti Mákọ́dì kò tíì so mọ́ èbúté tán tí àwọn aláàárù ti wọ inú omi dé ìbàdí, tí wọ́n gbé e lé èjìká. "Lídà! Lídà!" ni gbogbo ẹnu ń pariwo, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ń pe aṣáájú wọn. Janet di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, Bàṣírátù, ọmọ ọdún márùn-ún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nígbà tí wọ́n mú bàbá rẹ̀ lọ. Ó ti wẹ̀ fún un, ó ti lé tìróò sí i lójú, ó sì ti kọ́ ọ bí yóò ṣe kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lóòótọ́ nínú iyanrìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló ń kí.

Wọ́n gbé Ọ̀ṣẹ́nì lọ sí gbàgede Paparanda, ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Janet dúró lẹ́yìn pátápátá. Ó ń gbọ́ ohùn náà, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ó ti tín-ín-rín sí i, pé ikọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ yóò fi wọlé, bí ogójì èèyàn ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀bẹ tí Janet sè fún èèyàn mẹ́ta, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló jẹ ẹ́ tán. Ọ̀ṣẹ́nì tajú kán rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ojú rẹ̀ tàn, ó la ẹnu, ó ní, "Ìyá Bàṣíra, o kú..." Ẹnì kan fà á lápá: "Lídà, ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún wa lẹ́yìn yín." Gbólóhùn náà kò parí lọ́jọ́ náà, kò sì parí lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ Oworo ni Janet. Bàbá rẹ̀ ń gbin ọkà bàbà àti iṣu ní abúlé kan lórí òkè lẹ́yìn Lọ́kọ́jà, ó sì jẹ́ àgbà ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n fi amọ̀ kọ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní kíjìpá híhun. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Adankolo, ó na òfì rẹ̀ ró sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń hun aṣọ tà. Ibẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́nì ti rí i. Akọ̀wé ni Ọ̀ṣẹ́nì nígbà náà ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan létí odò, ọmọ àwọn oníṣòwò tí bàbá ńlá wọn ti Ìlọrin wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà àtijọ́. Ó wá ra aṣọ fún ìyá rẹ̀. Ó rà á, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá, ó ní ìyá òun ní kí òun wá béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ọnà ara aṣọ náà. Ní ọjọ́ keje ó tún dé, ó ní òun ti gbàgbé orúkọ ọ̀hún lójú ọ̀nà.

Bàbá Janet kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni tòun, òun kò ní í fi fún ilé Mùsùlùmí. Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì, Kàrímọ́tù, obìnrin tó sanra tó sì tóbi, ló fúnra rẹ̀ gun òkè náà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó sinmi lábẹ́ igi mẹ́fà kó tó dé. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń kọ́ bí àwọn Oworo ṣe ń kíni. Bó ṣe dé iwájú àgbà náà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Okún o!" pẹ̀lú ohùn Ìlọrin tó wúwo bí òkúta. Bàbá Janet rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá èèyàn rẹ́rìn-ín báyẹn, ìjà rẹ̀ ti di ìjà ẹnu. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọjọ́ Jímọ̀ jẹ́ ti ọkọ, ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti aya, kò sì sí ẹni tó ń yọ ẹlòmíì lẹ́nu.

Àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni Janet máa ń rántí. Òwú a máa há sí èékánná ahunṣọ tó bá sán. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Ọ̀ṣẹ́nì a mú abẹ, a gbé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lé itan, a máa gé èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì máa ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò fún un. Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ kò lè rò ó láé pé ọkùnrin yìí ni ìjọba yóò máa pè ní eléwu èèyàn.

Ìròyìn etí odò ló sì gbé e lọ. Ẹrù já lu aláàárù kan, ó fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sì ní kí wọ́n gbé e lọ sílé rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀ṣẹ́nì fi kálàmù sílẹ̀, ó jáde síta, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹrù mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni etí odò fi dákẹ́. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ pé kí òyìnbó máa lọ, kì í ṣe lọ́dún mẹ́wàá sí i, lónìí ni. Ó sọ ọ́ ní Paparanda, níbi tí wọ́n ti ta àsíá òyìnbó sókè láyé àtijọ́, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá, ó fi èdè Tápà kádìí rẹ̀. Kóòtù ní ó dìtẹ̀ sí ìjọba. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n dá fún un, wọ́n sì gbé e lọ sí apá Jọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún.

Janet ṣe ọdún mẹ́rin náà pẹ̀lú sùúrù tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó ní. Lẹ́tà ọkọ rẹ̀ máa ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà tí ojú àjèjì ti kọ́kọ́ kà, tí kò sì sí nǹkan nínú rẹ̀ ju "mo wà láàyè, ẹ kí ìyá mi." Àárò sọ ọ́, ṣùgbọ́n àárò yẹn ní ẹnu ọ̀nà. Ó mọ oṣù tí yóò parí.

Èyí tó dé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ padà ni kò mọ bí yóò ṣe ṣe é.

Ṣé ẹ mọ ilé tí Lídà ń gbé? Láti ìgbà tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán ni èèyàn ti ń dé. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà ní iyàrá iwájú, Sùrájù, akọ̀wé ẹgbẹ́, á jókòó sí ìdí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa kọ orúkọ. Apẹja Tápà tí wọ́n gba ààyè ìdákọ̀ rẹ̀, obìnrin Ígálà tí wọ́n dá iṣu rẹ̀ dúró, aláàárù tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ilé-ìwé tí kò rí ìwé kà. Ọ̀ṣẹ́nì á gbọ́ tẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á dá olúkúlùkù lóhùn ní èdè rẹ̀, á kọ lẹ́tà, á wọ bàtà, á bá wọn lọ sọ́dọ̀ aláṣẹ. Àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ń sùn sí iyàrá iwájú náà. Ọ̀ṣẹ́nì ń tẹ́ ẹní sáàárín wọn. Ó ní ẹ̀yìn òun kò mọ bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Janet ń hun aṣọ lẹ́yìn ògiri. Ó ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ó mọ ìgbà tó ń bínú, ó mọ ìgbà tó ń pa irọ́ kékeré láti fi ọkàn arúgbó balẹ̀, ó mọ ìgbà tí ebi ń pa á. Bí ó bá gbé oúnjẹ wá, ọwọ́ mẹ́fà ló ń nà sí i. Ilé kún, ọkọ sọnù.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Janet wẹ̀, ó ró aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó yí ilé po, ó gba iwájú wọlé, ó sì jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì.

Sùrájù gbójú sókè. "Ìyàwó wa, ẹ kú àárọ̀. Ṣé kò sí?"

"Ẹjọ́ ni mo mú wá. Kọ orúkọ mi sílẹ̀."

Sùrájù rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Janet dúró de ìgbà tirẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà níwájú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yàgò fún òun. Nígbà tó kàn án, Ọ̀ṣẹ́nì ń kọ nǹkan lórí ìwé, kò gbójú sókè.

"Ẹ jókòó dáadáa, ìyá. Ta lẹ ń bá ṣẹjọ́?"

"Ọkọ mi ni."

Kálàmù náà dúró. Ọ̀ṣẹ́nì wò ó. "Ìyá Bàṣíra, kí lèyí?"

"Lídà, ẹ jẹ́ kí n ro tẹnu mi bí àwọn yòókù ṣe ro tiwọn." Janet ká ọwọ́ lé itan. "Mo ní ọkọ kan. Ìjọba mú un lọ fún ọdún mẹ́rin, mo dúró dè é. Wọ́n dá a padà, mo tún ń dúró dè é. Nígbà tó wà lẹ́wọ̀n mo mọ ọjọ́ tí yóò dé. Ní báyìí tó wà nínú ilé, n kò mọ̀ ọ́n. Ó ń bi gbogbo ayé pé kí ló ń dùn yín. Kò tíì bi mí."

Obìnrin Ígálà kan tó jókòó sórí ilẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Ó jàre!" Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣẹ́nì kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó bojú wo tábìlì, ó tún bojú wo ìyàwó rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe fún yín?"

"Ọjọ́ méje. Lórí òkè, lọ́dọ̀ bàbá mi, níbi tí kò sí bẹ́ǹṣì."

"Sùrájù," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí, "kọ ọ́ sílẹ̀ pé a fọwọ́ sí i."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n fi Bàṣírátù sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Kàrímọ́tù, wọ́n gun òkè. Ìgbà ọyẹ́ ni, wọ́n ti kórè ọkà bàbà, pòròpórò rẹ̀ dúró gbẹ nínú oko. Bàbá Janet yọ̀ mọ́ àna rẹ̀, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ òṣèlú méjì, Janet sì wo bàbá rẹ̀ lójú kan báyìí, àgbà náà pa ẹnu mọ́. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ Ọ̀ṣẹ́nì sùn bí òkúta. Ní ọjọ́ kejì wọ́n jọ lọ pọn omi níbi ìsun. Wọ́n gbé garawa kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí òkúta, níbi tí èèyàn ti lè rí odò méjèèjì tí wọ́n ń pàdé nísàlẹ̀.

"Janet," ni Ọ̀ṣẹ́nì pè é. Kò pè é lórúkọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ. "Ohun kan wà tí mo ń fi pa mọ́ fún ọ. Nígbà tí mo wà níbẹ̀ yẹn, ó di ọdún kẹta, mo gbàgbé ojú rẹ. Mo rántí ọwọ́ rẹ, mo rántí ohùn rẹ. Ojú rẹ kò wá. Mo jókòó, mo gbìyànjú títí, kò wá. Nígbà tí mo dé, ìtìjú kò jẹ́ kí n lè wò ọ́. Mo rò pé bí mo bá wò ọ́ pẹ́, wàá mọ̀."

Janet kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun bínú. Gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn, òun rò pé àwọn èèyàn ló gba ọkọ lọ́wọ́ òun. Òun kò mọ̀ pé ọkọ òun ló ń sá sẹ́yìn wọn.

"Ó dáa," ni ó wí níkẹyìn. "Wò mí nísinsìnyí."

Ọ̀ṣẹ́nì wò ó. Ó wò ó títí Janet fi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tí ojú sì wá tì í bí omidan, tó fi etí aṣọ bojú. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé ìyá Janet rán èèyàn wá wò wọ́n, pé ṣé ìsun ti gbẹ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Sùrájù yọ lójú ọ̀nà, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, òógùn ti rẹ ẹ̀wù rẹ̀. Ó kí àwọn àgbà tán kó tó sọ ọ́. Ọlọ́pàá ti kó aláàárù márùn-ún, wọ́n sì ń sọ pé àwọn yóò gbé wọn kúrò ní Lọ́kọ́jà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ọ̀ṣẹ́nì kò dìde. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ọjọ́ rẹ ni. Bí o bá ní kí n má lọ, n kò ní í lọ."

Janet mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ó tún mọ̀ pé bí ó bá dá a dúró, òkú ara lásán ni yóò jókòó ti òun fún ọjọ́ mẹ́rin tó kù. Ó wọlé, ó mú ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ tí ó ti fọ̀, tí kò tíì gbẹ tán, ó gbé e fún un.

"Máa lọ. Ṣùgbọ́n n kò bá ọ lọ. Ọjọ́ méje ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi."

Ó sì dúró. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin náà tán lórí òkè, òun nìkan, ó ń lọ síbi ìsun ní àràárọ̀, ó ń jókòó sórí òkúta náà.

Ọdún ń gorí ọdún. Òmìnira tí Ọ̀ṣẹ́nì tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n ń bọ̀ nítòsí, àwọn èèyàn tó mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ fún àwọn ọba àti ọlọ́lá ló sì ń wọlé ìbò. Ọ̀ṣẹ́nì du ipò ní ọdún 1959, ó fìdí rẹmi. Nígbà tí wọ́n ta àsíá tuntun sókè ní Paparanda lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi í sí ìjókòó kẹta láti ẹ̀yìn. Sùrájù di káńsẹ́lọ̀. Kì í ṣe èèyàn búburú, ó ń kí wọn nígbà ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé ni ẹlẹ́jọ́ ń wá, Sùrájù ló sì lè fọwọ́ sí i. Èèyàn mẹ́wàá di márùn-ún, márùn-ún di ẹyọ kan tó ṣìnà. Ikọ́ tí Ọ̀ṣẹ́nì gbé ti ẹ̀wọ̀n wá kò sì lọ. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1962, kò lè rìn dé etí odò mọ́.

Ohun tí Janet fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wàyí. Ọkọ rẹ̀ wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, kò sí ẹni tó ń bá a dù ú. Ọ̀ṣẹ́nì ń wẹ̀ láràárọ̀, ó ń dé fìlà, ó ń jókòó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bí Janet bá sọ̀rọ̀, ó ń dáhùn, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí bàtà bá dún níta, ọrùn rẹ̀ á nà. Bí bàtà náà bá kọjá lọ, á padà sílẹ̀. Ó ń jẹ òkèlè mẹ́ta, á ní ó tó. Àárò Janet àti àárò ọkọ rẹ̀ jọ jókòó sínú iyàrá kan náà, wọn kò kí ara wọn.

Janet fara dà á fún oṣù bíi mélòó kan. Lọ́jọ́ kan ó gbé apasà tó fi ń hun aṣọ kalẹ̀, ó wé gèlè, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò. Ariwo ló ń wá, kò sì pẹ́ kó tó rí i. Yàkúbù, apẹja Tápà kan, di ẹ̀wù ẹnìkejì rẹ̀ mú nítorí àwọ̀n tó ya.

"Yàkúbù, fi í sílẹ̀," ni Janet wí. "Ẹ gbé àwọ̀n náà, ẹ jẹ́ kí a lọ bá Lídà."

Yàkúbù ya ẹnu. "Lídà? Ṣé ó ṣì ń gbọ́ ẹjọ́? Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá."

"Ara rẹ̀ kò yá. Etí rẹ̀ kò ṣàìsàn."

Wọ́n tẹ̀ lé e. Ó gba ẹ̀yìn wọlé kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i pẹ̀lú wọn, ó sì jókòó sídìí òfì, kò hun nǹkan kan, ó ń tẹ́tí. Ó gbọ́ tí wọ́n kí i. Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ni ohùn yẹn bẹ̀rẹ̀, ní èdè Tápà, ó kọ́kọ́ rọra, ó wá ń le bọ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ní kí wọ́n tẹ́ àwọ̀n náà sílẹ̀, kí òun fọwọ́ kan ibi tó ya. Ó bi wọ́n bí ìṣàn omi ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ó jágbe mọ́ Yàkúbù. Ó wú ikọ́, ó ní kí wọ́n dúró, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ lọ. Ó dá ẹjọ́ náà bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọba. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó jẹ odindi àwo ẹ̀kọ kan, ó sì béèrè ẹja sí i.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pe Janet. "Ìwọ lo lọ pè wọ́n."

Janet ń palẹ̀ àwo mọ́. "Ìjà wọn kì í ṣe èmi ló dá a sílẹ̀."

Ọ̀ṣẹ́nì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà, Janet ń wá ẹjọ́ káàkiri bí àwọn mìíràn ṣe ń wá igi ìdáná. Tọkọtaya tó ń jà ní Adankolo, oníṣòwò méjì tó ń du ojúlé, gbogbo wọn ló ń kó wá. Kì í parọ́, kì í dá ìjà sílẹ̀. Ó kàn ń sọ fún wọn pé Lídà wà níbẹ̀. Ilé tún kún díẹ̀. Ó ń jókòó lẹ́yìn ògiri, ó ń fetí sí i, ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin náà bí ẹni pé odò kan ṣì wà láàárín wọn.

Ọ̀ṣẹ́nì kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, lẹ́yìn ìrun Àsárì, lórí àga rẹ̀. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí. Ní ọjọ́ kẹjọ, Sùrájù àti àwọn ẹni ńlá wá, wọ́n sọ̀rọ̀ gígùn nípa akọni tó lé òyìnbó lọ. Janet jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ń gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tí òun mọ̀ fẹ́rẹ́. Ọlákúnlé, ẹ̀gbọ́n Janet, sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀, kí àwọn máa lọ sílé. Ìyá Kàrímọ́tù, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ló dá a lóhùn kí Janet tó lè dáhùn: "Ilé rẹ̀ ni ó wà yìí. Bí ó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Kó má ṣe jẹ́ pé a ní kó lọ." Janet kò lọ.

Bàṣírátù ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ tó jìnnà. Ìyá Kàrímọ́tù ń sùn púpọ̀. Ilé náà dákẹ́ débi pé Janet ń gbọ́ ìró òwú tó ń gba inú òwú kọjá. Ó wá fi iyàrá iwájú fún àwọn tíṣà méjì, ọmọ Ẹ̀bìrà kan àti ọmọ Ìjùmú kan, àwọn tí kò sí ilé mìíràn tó gbà wọ́n nítorí pé wọn kì í yé jiyàn. Mùsílímátù, obìnrin tó ń gbé ojúlé kejì, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń rí ariwo wọn gbà mọ́ra. Janet ní kí wọ́n máa pa á lọ, pé ohùn lẹ́yìn ògiri ti mọ́ òun lára.

Òótọ́ ni pé kì í fi ọkàn sí ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìjọba àti ìbò ni, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìjọba rí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn àwọn tíṣà náà á rántí pé opó ló wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n á rẹ ohùn wọn sílẹ̀ nítorí rẹ̀, iyàrá náà á sì dákẹ́. Janet á dúró díẹ̀. Bí kò bá gbọ́ nǹkan, á fi ìka kan ògiri.

"Ẹ̀yin tíṣà! Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ rò pé yóò wọlé lọ́dún yìí?"

Wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀.